Ẹ Sanwó Àyẹ̀wò Kí Ẹ Tó Ra Wúfà Mìíràn

Ọ̀pọ̀ wúfà, ìyẹn sípíkà béèsì, tí àwọn onímọ́tò ń jù sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, ní Ìsẹ̀, ní Èmùré àti káàkiri gúúsù Èkìtì ni kò ní àrùn kankan lára. Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí lè bí àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan nínú, nítorí réwáyà lèmi náà, ẹni tó ń tún iná mọ́tò ṣe, Ìkẹ́rẹ́ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, èrè orí wúfà sì wà lára ohun tí mo fi ń gbọ́ bùkátà ilé. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí ẹnìkan láti inú iṣẹ́ yìí sọ ọ́ síta.

Bí ó ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀ nìyí. Oníbàárà á gbé mọ́tò dé iwájú ṣọ́ọ̀bù, á ṣí búùtù, á ní, “Ọ̀gá, béèsì yìí ò dún mọ́. Ẹ bá mi wá inch 12 tó lágbára.” Kò béèrè ohun tó fà á. Ó ti mú ọ̀daràn, ó ti dá a lẹ́jọ́ ikú, èmi ló wá pè kí n wá gbé òkú rẹ̀ kúrò kí n sì gbé òmíràn wọlé. Bí mo bá ní kó san owó díẹ̀ kí n kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò, á la ojú sílẹ̀: “Kí n sanwó wíwò? Ṣé ojú yín ni mò ń rà ni?” Bẹ́ẹ̀, ẹni yìí kan náà kò ní janpata rárá láti ka owó gọbọi sílẹ̀ fún wúfà tuntun.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Àwa oníṣẹ́ ọwọ́ nìkan kọ́ ló ń ba nǹkan jẹ́. Ọ̀nà tí ẹ̀yin oníbàárà ń gbà sanwó fún wa dá sí i. Réwáyà tó bá fi odidi wákàtí wá ìdí àìsàn, tó wá rí i pé nọ́ọ̀tì kan ló tú, ẹ ó fún un ní owó omi, ẹ ó sì máa kùn pé ṣé nọ́ọ̀tì lásán ló dè. Èyí tí kò wo ohunkóhun, tó kàn ta wúfà àti ańpilifáyà fún yín, ẹ ó sanwó ọjà, ẹ ó sanwó iṣẹ́, ẹ ó tún dúpẹ́. Bí ọjà bá rí bẹ́ẹ̀, ta ni yóò máa fi àkókò rẹ̀ wá ìdí?

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti awakọ̀ kan tó ń ná Èmùré sí Adó. Camry Big Daddy ni mọ́tò rẹ̀. Kó tó dé ọ̀dọ̀ mi, wọ́n ti ta wúfà fún un níbìkan, béèsì kò yí padà. Wọ́n ta ańpilifáyà fún un, kò yí padà. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, bátìrì ńlá ló fẹ́ rà. Mo ní kó tan ẹ́ńjìnnì. Mo gbé mítà lé bátìrì níwájú, ó fi volt 14.1 hàn, èyí tó dára, nítorí láàrin 13.8 sí 14.4 ló yẹ kí ó wà bí ọ́títínétọ̀ bá ń ṣiṣẹ́. Mo lọ sẹ́yìn, mo gbé mítà lé ẹnu ańpilifáyà nígbà tí orin dákẹ́: 13.9. Ẹni tó bá dúró síbẹ̀ yóò ní kò sí ìyọnu. Mo ní kó tan orin kó gbé e sókè. Bí béèsì ti ń lù ni mítà ń já sí 10 àti díẹ̀, bẹ́ẹ̀ bátìrì níwájú kò kúrò lórí 13. Ó túmọ̀ sí pé iná tó kúrò lọ́dọ̀ bátìrì kò pé dé ẹ̀yìn. Ojú ọ̀nà ló ti ń sọnù.

Mo wá gbé ẹsẹ̀ mítà kan sí ojú earth ańpilifáyà, mo na wáyà fún ẹsẹ̀ kejì títí dé orí negative bátìrì. Láàrin ibi méjèèjì yìí, mítà kò gbọdọ̀ jìnnà sí òdo. Tirẹ̀ ń fò kọjá volt 2. Nígbà tí a ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù, a rí i: ẹni tó ṣe é fi ìdè kékeré kan de wáyà earth mọ́ orí ọ̀dà. Ọ̀dà kì í gbé iná. Ìwọ̀nba ibi tí ẹnu ìdè yẹn ti kan irin ni gbogbo iná ańpilifáyà ń gbà padà. Mo fi sáńpépà ha ọ̀dà títí irin fi funfun, mo fi bóòtù gidi àti wọ́ṣà dè é, mo fi gíríìsì bò ó kí ìpẹtà má baà mú un. Béèsì jí. Wúfà tí wọ́n ní kó jù sílẹ̀ ní àkọ́kọ́ wà nínú ilé rẹ̀ títí di ìsinsìnyí, kò sí ohun tó ṣe é.

A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí kì í jẹ́ kí a rí ẹ̀tẹ̀ nínú iṣẹ́ wa ni pé ọ̀pọ̀ wa kò ní mítà. Tẹ́sítà la ní. Tẹ́sítà náà wúlò, ṣùgbọ́n bóyá iná wà tàbí kò sí nìkan ló lè sọ. Gílóòbù kékeré inú rẹ̀ kò gba iná púpọ̀, nítorí náà yóò tàn yòò lórí wáyà tó ti jẹra àti lórí earth tí kò kan irin dáadáa. Ibi tí ańpilifáyà bá ti ń béèrè ampere 30 ni àṣírí ti ń tú, tẹ́sítà kò sì sí níbẹ̀. Mítà ló ń sọ iye, àfi ká gbé e lé ojú iṣẹ́ nígbà tí iṣẹ́ ń lọ. Owó mítà tó ṣe é lò kò tó owó wúfà ẹyọ kan tí kò dára.

Ọ̀rọ̀ wáyà náà ṣe pàtàkì ní agbègbè wa, nítorí wáyà tó sanra tí owó rẹ̀ kéré ti kún ọjà. Ẹ fi ọ̀bẹ ha ara rẹ̀. Bí inú rẹ̀ bá funfun, alumí ni wọ́n fi bàbà bò. Alumí kò gbé iná tó bàbà. Ó tó bí ọgọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún ohun tí bàbà bá gbé. Kò burú láti lò ó bí ẹ bá mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ sanra ju ti bàbà lọ. Ìwà ìrẹ́jẹ ni láti tà á ní owó bàbà. Ẹ tún rántí ojú ọ̀nà wa. Mọ́tò tó bá ń lọ sí Àkúrẹ́ gba Ìjù, tàbí tó ń wọ oko lẹ́yìn Ìsẹ̀, kòtò yóò mì í títí gbogbo nọ́ọ̀tì yóò fi dẹ̀. Wáyà tí ẹ dè ní ọdún tó kọjá kò sí ní ìdè mọ́.

Ọ̀ràn kejì ni irọ́ ara páálí. Mo ti rí ańpilifáyà tí wọ́n kọ watt 3000 sí lára, tí fíúsì ara rẹ̀ jẹ́ ampere 30. Ẹni tó bá jókòó dé ìwé mẹ́fà lè ṣe ìṣirò yìí. Volt 14 lọ́nà 30 jẹ́ 420. Watt 420 ni gbogbo ohun tó lè wọ inú rẹ̀ kí fíúsì tó já, apá kan nínú rẹ̀ yóò sì di ooru. Irú ańpilifáyà àtijọ́, tí a ń pè ní class AB, ń sọ díẹ̀ ju ìdajì lọ di ohùn. Class D lè dé bí ọgọ́rin nínú ọgọ́rùn-ún. Níbo ni 3000 ti fẹ́ wá? Kí watt 3000 tó jáde lóòótọ́, ohun tí yóò máa wọlé yóò ju ampere 200 lọ, bẹ́ẹ̀ ọ́títínétọ̀ ọ̀pọ̀ mọ́tò ayọ́kẹ́lẹ́ tí a ń gùn kò ju bí 80 sí 100 lọ, iná mọ́tò àti A.C. sì tún fẹ́ jẹ nínú rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má wo iye ńlá tí wọ́n fi lẹ́tà wúrà kọ. Ẹ wo RMS, ìyẹn agbára tó lè máa gbé jáde láìdáwọ́dúró, kí ẹ sì ka fíúsì. Fíúsì kì í parọ́.

Àwọn kan wà tí ohun gbogbo tí wọ́n rà jẹ́ ojúlówó, tí béèsì kò sì dún. Ọmọkùnrin kan láti Ìsẹ̀ ní wúfà méjì nínú búùtù. Bí ó bá yọ ọ̀kan, béèsì á lágbára. Bí ó bá so méjèèjì, béèsì á rọ. Ó ti ń rò pé ayé ló ń ṣe òun. Kò sí ayé kankan níbẹ̀: wọ́n so positive ọ̀kan mọ́ ibi tó yẹ kí negative wà. Bí ọ̀kan bá ń ti afẹ́fẹ́ jáde, èkejì ń fà á wọlé, wọ́n wá ń pa iṣẹ́ ara wọn rẹ́. Ẹ mú bátìrì tọ́ọ̀ṣì volt 1.5, kí ẹ tú wáyà ańpilifáyà kúrò, kí ẹ fi positive bátìrì kan positive wúfà, kí negative kan negative, ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú wúfà gbọ́dọ̀ yọ síta. Bí ó bá wọ inú, wáyà ti yí padà. Àyẹ̀wò yìí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀.

Òfin Ohm wà níbẹ̀ pẹ̀lú, òfin tó so volt, ampere àti ohm (ìwọ̀n ìdènà iná) pọ̀. Georg Ohm, olùkọ́ ará Jámánì, ti tẹ ìwé rẹ̀ jáde láti ọdún 1827, ṣùgbọ́n òfin rẹ̀ kò tíì dé ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù wa. Wúfà tó ní kọ́ìlì méjì, ohm mẹ́rin mẹ́rin, ẹ lè so wọ́n kí wọ́n di ohm méjì, ẹ sì lè so wọ́n kí wọ́n di mẹ́jọ. Ańpilifáyà kan náà lórí ohm mẹ́jọ kò ní fún yín ju bí ìdá kan nínú mẹ́rin agbára tí yóò fún yín lórí ohm méjì. Ẹni tí kò mọ èyí yóò so ó sí mẹ́jọ, yóò ní wúfà náà kò dára. Ẹlòmíràn yóò sì so ó sí ohm tí ańpilifáyà kò lè gbà, ańpilifáyà yóò máa dá iṣẹ́ dúró láti dáàbò bo ara rẹ̀ (protect), onítọ̀hún yóò ní ó ti jóná.

Mo tún fẹ́ sọ̀rọ̀ àpótí, nítorí àpótí ló ń ya wúfà tó ń dún sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tó kàn ń jó. Ẹ̀yìn wúfà ń ṣe òdìkejì ohun tí iwájú rẹ̀ ń ṣe. Bí kò bá sí àpótí tó sé e dáadáa, afẹ́fẹ́ ẹ̀yìn yóò sá yípo wá bá ti iwájú, béèsì yóò sì kú. Ihò kékeré lásán níbi tí pákó méjì ti pàdé ti tó láti bà á jẹ́. Ẹ ó máa gbọ́ fùú, fùú bí orin ti ń lọ. Kì í ṣe àìsí oníṣẹ́ igi ló fà á: Ìsẹ̀ tiwa yìí ni ìlú Ọlọ́wẹ̀, agbẹ́gilére tó gbẹ́ ilẹ̀kùn ààfin Ògògà ti Ìkẹ́rẹ́, ilẹ̀kùn tí wọ́n gbé lọ sí ìpàtẹ Wembley ní 1924, tó sì wà ní British Museum ní London títí dòní. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ fún mi pé ọwọ́ igi wọ́n wa. Ohun tí a kò fún káfíńtà ni ìwọ̀n. A kàn ń sọ fún un pé kó kan àpótí wúfà, bẹ́ẹ̀ ìwé tó bá wúfà wá ti sọ iye líítà tí inú àpótí gbọ́dọ̀ gbà. Wúfà inch 12 mìíràn ń fẹ́ bí líítà 28 sí 35 bí àpótí bá jẹ́ èyí tí a sé pa. Ẹ fi sẹ̀ǹtímítà wọn gígùn, ìbú àti gíga inú rẹ̀, ẹ sọ wọ́n di púpọ̀, ẹ fi 1000 pín in, líítà nìyẹn. Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ yóò kan án bí ẹ bá fún un ní iye.

Àwọn ìgbà kan sì wà tí kò sí ohun tó bàjẹ́ rárá. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ bátìrì yín, rédíò mìíràn á gbàgbé gbogbo ètò inú rẹ̀, á sì pa ojú subwoofer. Ẹ wọ inú ètò rẹ̀ kí ẹ tún un tàn kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni. Ẹ wo wáyà RCA bóyá ó yọ. Ẹ wo ibi tí wọ́n yí filter ańpilifáyà sí. Bí 80 Hz ni ọ̀pọ̀ wúfà ń fẹ́. Etí tiwa pàápàá ní ipa tirẹ̀. Láti 1933 ni Harvey Fletcher àti Wilden Munson ti fi hàn ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà pé bí ohùn bá lọ sílẹ̀, béèsì ni etí èèyàn kọ́kọ́ máa ń pàdánù. Ẹni tó bá yí rédíò rẹ̀ sílẹ̀ tó sì ń wá béèsì, kò sí réwáyà tó lè tún etí rẹ̀ ṣe.

Èmi kò sọ pé wúfà kì í kú. Ó ń kú, ó sì ní àmì. Ẹ tú u kúrò lára wáyà, kí ẹ gbé mítà lé e: kọ́ìlì ohm mẹ́rin sábà máa ń fi iye tó ju mẹ́ta lọ díẹ̀ hàn. Bí mítà kò bá sọ ohunkóhun, kọ́ìlì ti já. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì rọra tẹ ojú rẹ̀ wọlé. Bí ẹ bá gbọ́ ohùn gbẹrẹ-gbẹrẹ, tàbí tí òórùn jíjóná bá ń jáde, ó ti lọ. Ìgbà náà ni kí ẹ ra òmíràn. Síbẹ̀, kí ẹ béèrè ohun tó pa á, nítorí ohun tó pa ti àkọ́kọ́ lè pa ìkejì. Lọ́pọ̀ ìgbà, ẹni tí béèsì rẹ̀ kò dún nítorí earth ló ń yí gain ańpilifáyà títí dé òpin, ohùn á wá fọ́, ohùn fífọ́ yẹn á sì sun kọ́ìlì.

Ẹnìkan lè ní ariwo ni mò ń polówó. Ó tì o. Òfin àpapọ̀ lórí ariwo ti wà láti 2009 lábẹ́ NESREA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó àyíká, àwọn onímọ̀ ìlera ibi iṣẹ́ sì sọ pé ohùn tó bá dé 85 decibel kò yẹ kó ju wákàtí mẹ́jọ lọ létí èèyàn lójúmọ́. Béèsì tí wáyà rẹ̀ pé kò nílò kí a fi fọ́ fèrèsé aládùúgbò kí onímọ́tò tó gbádùn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ Màrúwá tí gbogbo ara rẹ̀ ń gbọ̀n lójú títì, tí èrò inú rẹ̀ ń fi ọwọ́ di etí, ẹ yẹ̀ ẹ́ wò: ohùn tó fọ́ ló pọ̀ níbẹ̀, béèsì kéré.

Kí ni kí a wá ṣe? Àwa réwáyà, ẹ jẹ́ ká kọ iye owó àyẹ̀wò sára pátákó ṣọ́ọ̀bù wa kí gbogbo èèyàn rí i. Bí oníbàárà bá ní ká ṣe iṣẹ́ náà, ká yọ ọ́ nínú owó iṣẹ́. Bí kò bá fẹ́, kó san án kó máa lọ, ṣùgbọ́n ká kọ ohun tí a rí sínú ìwé fún un: volt báyìí níwájú, volt báyìí lẹ́yìn, ohm báyìí. Bí a bá pààrọ̀ nǹkan, ká kó ògbólógbòó rẹ̀ lé e lọ́wọ́. Kí ọ̀gá kankan má sì ṣe fírídọ́ọ̀mù fún ọmọ iṣẹ́ tí kò lè ka mítà. Ìjọba àpapọ̀ ní ìdánwò trade test fún àwa oníṣẹ́ ọwọ́. Ká máa lọ ṣe é. Yunifásítì Bámidélé Olúmilúà wà nínú Ìkẹ́rẹ́ níbí, orúkọ rẹ̀ sì gbé ẹ̀kọ́, sáyẹ́ǹsì àti tẹkinọ́lọ́jì. Bí wọ́n bá lè fi ọjọ́ Sátidé kọ́ àwa tí epo ń bẹ lára aṣọ wa ní òfin Ohm ní èdè Yorùbá, èmi ni n ó kọ́kọ́ jókòó.

Mo ti gbọ́ èsì àwọn oníbàárà: réwáyà mìíràn yóò gba owó àyẹ̀wò, kò sì ní yẹ nǹkan kan wò. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí ẹ dúró ti mítà, kí ẹ fi ojú yín rí iye tó fi hàn. Ní ọsibítù, ẹ ń sanwó kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò fún ibà, ẹ sì ń gba ìwé èsì kí ẹ tó ra oògùn. Ẹnikẹ́ni nínú yín kò sọ fún dókítà pé ojú rẹ̀ lòun ń rà.

Nígbà mìíràn tí béèsì yín bá rọ, ìbéèrè mẹ́ta ni kí ẹ bi ẹni tó fẹ́ tà á fún yín. Volt mélòó ló ń dé ẹnu ańpilifáyà nígbà tí béèsì ń lù? Ohm mélòó ni wúfà yìí fi hàn? Níbo ni wọ́n de earth mọ́? Bí kò bá lè dáhùn, ẹ fi owó yín sápò. Bí ó bá dáhùn, tó sì rí àìsàn náà, ẹ san owó àyẹ̀wò rẹ̀ pé, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀tì kan ṣoṣo ló dè.